Òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Harpers Ferry pẹ̀lú ìyá àgbà àti ọmọ mẹ́ta: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mẹ́ta béèrè:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti mú ẹbí wọn lọ sí Harpers Ferry rí, ìlú kékeré tó wà láàárín àwọn òkè Blue Ridge ní ìpínlẹ̀ West Virginia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibi tí à ń gbé kò ju ìrìn wákàtí kan àbọ̀ nínú ọkọ̀ sí ibẹ̀, síbẹ̀ ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń sọ pé a ó lọ, tí iṣẹ́ àti ilé ìwé àwọn ọmọ kò sì jẹ́ kí a lọ. Ní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ yìí, ìyá ọkọ mi yóò wà lọ́dọ̀ wa, èmi àti bàbá àwọn ọmọ sì ti fẹnu kò pé wọn kò ní padà sílé láìjẹ́ pé gbogbo wa jọ lo òpin ọ̀sẹ̀ kan pa pọ̀ níbi tí kò sí aṣọ fífọ̀ àti iṣẹ́ àṣetiléwá, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Ẹni mẹ́fà ni wá. Màmá ti pé ọdún 74. Ara wọn le dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún ń dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá ti gun àtẹ̀gùn tó mẹ́wàá, wọn a dúró, wọn a fọwọ́ ti ògiri, wọn a sì máa wo ara ògiri náà bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni àwọn ṣe dúró. Àkọ́bí wa ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 13, kò sì sí òkè tí yóò rí tí kò ní fẹ́ gùn. Èyí obìnrin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 9, ó wà ní kíláàsì kẹrin, gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sára pátákó ló máa ń kà tán kó tó kúrò níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún 5. Eré sísá nìkan ni ìrìn tirẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé ìlú náà kéré, pé a ó fi ẹsẹ̀ rìn ín tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwòrán tí mo rí, ẹ̀gbẹ́ òkè ni àwọn ilé so mọ́. Ṣé Màmá yóò lè rìn níbẹ̀, àbí inú ọkọ̀ ni wọn yóò jókòó sí títí a ó fi padà wá bá wọn? Èkejì, níbo ló dára kí a sùn? Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ìlú tí John Brown ti gbé ìbọn dìde sí ìfiniṣẹrú ní ọdún 1859 ni, ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì so òun náà rọ̀. N kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rìn kọjá níbẹ̀ bí ẹni tó lọ wo òdòdó. N kò sì fẹ́ kí ọmọ ọdún 5 máa ta jí lóru. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe ṣe é?

Bàbá Ìbejì fèsì:

Ìyá Mẹ́ta, ẹ kú ètò, ẹ sì bá wa kí Màmá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti ẹbí mi ti lọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi tó ń fi ọ̀pá rìn, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Òótọ́ ni pé ìlú náà kéré. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò pé 300. Ṣùgbọ́n ẹ má wo gígùn ìlú yẹn, gíga rẹ̀ ni kí ẹ wò. Odò Potomac ti apá kan wá, odò Shenandoah ti apá kejì wá, wọ́n pàdé ní ìsàlẹ̀ ìlú, ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì dà bí ahọ́n tó yọ síta. Ṣóńṣó ahọ́n yẹn ni wọ́n ń pè ní Lower Town, òun sì ni ìlú àtijọ́ gan-an, níbi tí Robert Harper ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èèyàn sọdá láti ọdún 1747. Láti ibẹ̀, òpópónà High Street yóò kọjú sókè lójijì, kò sì ní sinmi títí yóò fi dé orí òkè. Bí ẹ bá gbé Màmá dé ìsàlẹ̀, tí ẹ kò sì ní kí wọ́n gun High Street, ara yóò tù wọ́n. Bí ẹ bá ní kí wọ́n gùn ún, orúnkún yẹn ni yóò jẹ gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yín.

Ní ti ọkọ̀, ẹ má gbìyànjú láti wà á wọ Lower Town. Àyè díẹ̀ wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè kún. Ọgbà ìtàn ìjọba àpapọ̀ ni apá tó pọ̀ jù nínú ìlú àtijọ́ náà, gbàgede ńlá tí wọ́n sì ṣe fún ọkọ̀ àlejò wà lókè, lẹ́bàá títì US 340. Ibẹ̀ ni ẹ ó gbé ọkọ̀ sí, bọ́ọ̀sì ọgbà yóò gbé yín sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlú, yóò sì gbé yín padà. Oṣù kẹwàá ni ewé igi máa ń pọ́n lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, èrò a sì máa wọ́ lọ síbẹ̀. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ lọ, agogo mọ́kànlá àbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a dé, a sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 wá ibi tí a ó gbé ọkọ̀ sí. Àwọn ìbejì ti sùn lọ kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Ní ìgbà kejì, agogo mẹ́sàn-án ni a dé, a sì gbọ́ ìró omi odò méjèèjì kí a tó gbọ́ ohùn èèyàn kankan.

Iye ọkọ̀ ni wọ́n ń gba owó ìwọlé lé lórí, kì í ṣe iye orí. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ní ọmọ ní kíláàsì kẹrin, ó ṣeé ṣe kí ẹ má san kọ́bọ̀. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Every Kid Outdoors, tó ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ láti oṣù kẹsàn-án títí di òpin oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà a sì kó gbogbo ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wọlé. Ẹ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Inú rẹ̀ yóò dùn pé òun ló mú gbogbo ilé wọlé. Ìwé àṣẹ àgbàlagbà tún wà fún ẹni tó ti pé ọdún 62, ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí láé ni wọ́n ń fún, nítorí náà bí Màmá bá wá bí àlejò, ẹ má gbójú lé e.

Nípa ibùsùn, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín. Nígbà tí bàbá mi bá wa lọ, mo gba yàrá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ilé kan tí wọ́n kọ gbangba sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ pé ìsàlẹ̀ ni yàrá náà wà. Wọn kò parọ́: ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ọ̀hún fúnra rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn òkúta 22 láti ojú títì. Mo mọ iye wọn nítorí pé èmi ni mo wà lẹ́yìn bàbá mi, tí mo ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá a. Ní ìlú olókè, ẹ má béèrè pé àjà wo ni yàrá wà. Ẹ béèrè pé àtẹ̀gùn mélòó ló wà láti ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn tó yè kooro, ẹ sùn ní Bolivar tó wà lókè níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀, tàbí ní Charles Town tí kò jìnnà. Ẹ tún mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ẹrù a máa gba ìsàlẹ̀ ìlú kọjá lóru, fèrè rẹ̀ a sì máa ró láàárín òkè méjèèjì. Àwọn ìbejì dìde jókòó lórí ibùsùn láti gbọ́ ọ. Bàbá mi kò sùn.

Ohun tí Màmá lè ṣe ní ìsàlẹ̀ pọ̀. Ilé John Brown, ìyẹn ibi tí wọ́n ti mú un, wà níbẹ̀, ibi tí odò méjèèjì ti pàdé kò jìnnà sí i, àwọn ilé ìtàn kéékèèké tò sí Shenandoah Street, ọ̀nà tó lọ sí Virginius Island, níbi tí àwókù àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ wà lábẹ́ igi, sì tẹ́jú. Kí wọ́n wọ bàtà tó le nísàlẹ̀, nítorí òkúta tí wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà kò dọ́gba. Àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter àti Jefferson Rock, ẹ má jẹ́ kí wọ́n débẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ti jẹ àárín rẹ̀, òjò sì máa ń sọ ọ́ di yíyọ̀.

Ẹ wá àmì ìkún omi lára ògiri ilé kan ní Lower Town. Wọ́n kọ àwọn ọdún tí odò ya wọ ìlú síbẹ̀, ìkan lórí ìkan, lára wọn ni 1870, 1889, 1924, 1936 àti 1942. Ti ọdún 1936 ló ga jù, omi náà dé ẹsẹ̀ bàtà 36 àbọ̀. Àwọn ìbejì mi dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè, ọ̀kan gun èjìká mi, kò sì tó o. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń béèrè ibi tí àwọn èèyàn sá lọ. Mo nàka sí High Street fún wọn.

Ọmọ Akọ̀wé fèsì:

Bàbá Ìbejì ti sọ èyí tó pọ̀ jù, mo sì fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má parí ìrìn náà sí ìsàlẹ̀ ìlú. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń wo ilé John Brown, tí wọ́n ń ya àwòrán níbi tí odò ti pàdé odò, tí wọ́n sì ń wọ bọ́ọ̀sì padà, láìmọ̀ pé orí òkè tó wà lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń pè ní Camp Hill, ni apá ìtàn náà tó kàn wá jù wà.

Ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba àpapọ̀ ló sọ ìlú yẹn di ńlá. George Washington fúnra rẹ̀ ló yan ibẹ̀ fún un. Nítorí ìbọn tó wà níbẹ̀ ni John Brown ṣe lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1861, nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn ló dáná sun ún kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù. Lára ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn ilé tí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ń gbé lórí Camp Hill. Nínú ọ̀kan lára wọn, Lockwood House, ni àwọn míṣọ́nnárì Freewill Baptist ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní ìwé kíkà ní ọdún 1865. Ní 1867, ó di Storer College, ó sì ṣiṣẹ́ títí di 1955. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹni tó ń san owó oṣù àwọn arọ́bọn ni ọmọ ẹrú àná ti kọ́kọ́ di gègé mú.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fẹ́ kí ẹ sọ létí Màmá. Nnamdi Azikiwe, ẹni tó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní 1963, dé Amẹ́ríkà ní 1925 láti wá ìwé kà, Storer yìí ni ó sì kọ́kọ́ wọ̀ kí ó tó lọ sí yunifásítì Howard àti Lincoln. Lórí òkè yẹn ni Zik ti bẹ̀rẹ̀. Mo dúró lórí koríko níwájú ilé ẹ̀kọ́ náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo odò mọ́lẹ̀, mo ń ro ọ̀dọ́mọkùnrin tó rin ìrìn-àjò gígùn bẹ́ẹ̀ tó wá bá ara rẹ̀ ní ìlú kékeré láàárín òkè, mi ò sì lè tètè kúrò níbẹ̀.

Àwọn mìíràn tí wọ́n gun òkè náà pọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1881, Frederick Douglass, ẹrú àná tó di ajàfómìnira, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa John Brown, Andrew Hunter, agbẹjọ́rò tó rojọ́ mọ́ Brown títí wọ́n fi dá a lẹ́jọ́ ikú, sì jókòó sórí pèpéle kan náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1906, W. E. B. Du Bois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Niagara Movement ṣe ìpàdé ní Storer láti béèrè ẹ̀tọ́ kíkún fún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ilé John Brown, tó wà ní oko kan lẹ́yìn ìlú nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni o, ilé náà ti rìn. Ilé ọkọ̀ panápaná ilé iṣẹ́ ìbọn ni. Brown àti àwọn tó ṣẹ́kù pẹ̀lú rẹ̀ ti ara wọn mọ́ inú rẹ̀ kí wọ́n tó mú wọn. Wọ́n tú u palẹ̀ ní 1891, wọ́n gbé e lọ sí Chicago fún ìpàtẹ àgbáyé ti 1893, wọ́n gbé e padà wá sí oko yẹn ní 1895, àwọn Storer gbé e lọ sí ọgbà wọn ní 1909, ní 1968 ni ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ìtòsí ibi tó wà níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 9 tó ń ka pátákó yóò fẹ́ràn ìtàn ilé tó ń rìn.

Ẹ lo ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ìsàlẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ fi ọkọ̀ gbé Màmá lọ sí Camp Hill. Ilẹ̀ tẹ́jú lókè níbẹ̀, èrò kì í sì í pọ̀.

Ìyá Mẹ́ta tún kọ:

Bàbá Ìbejì, Ọmọ Akọ̀wé, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe ilé mẹ́ta lónìí láti béèrè iye àtẹ̀gùn, ọ̀kan nínú wọn ní kí n dúró kí àwọn lọ kà á wá. N kò mọ̀ rárá pé Zik kàwé níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kò tíì sí ẹni tó dá mi lóhùn nípa ọmọ ọdún 5.

Ìyá Olùkọ́ fèsì:

Ọmọ mi, mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn, mo sì ti mú àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí Harpers Ferry. Ohun tí mo rí ni pé ọdún àti iye èèyàn kì í dúró lọ́kàn ọmọdé, ẹni kan ṣoṣo ló máa ń dúró. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé iṣẹ́ ìbọn àti òṣèlú, àbíkẹ́yìn yóò ti sá lọ bá omi. Mú ẹnì kan, kí o sì sọ ti ẹni náà.

Dangerfield Newby ni kí o mú. Èèyàn 21 ló tẹ̀ lé John Brown, márùn-ún nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Newby sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bí i sí oko ẹrú, ó sì ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n Harriet ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà lọ́wọ́ olówó ní Virginia. Ó gbìyànjú láti rà wọ́n padà, kò ṣeé ṣe. Harriet ń kọ lẹ́tà sí i pé kó tètè wá, kí wọ́n tó ta òun fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1859, ìyẹn ọjọ́ kejì tí wọ́n wọ ìlú, Newby ni ó kọ́kọ́ kú nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Brown, wọ́n sì bá àwọn lẹ́tà ìyàwó rẹ̀ lára rẹ̀.

Fún ọmọ ọdún 5, ohun tó tó ni pé: bàbá kan wà tí wọ́n kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pa mọ́, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wá sí ìlú yìí. Bí ó bá bi ọ́ bóyá ó rí wọn mú, sọ fún un pé kò rí wọn mú. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn le láti sọ. Ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 nígbà náà dákẹ́, ó di ìka mi kan mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé ibi bọ́ọ̀sì. Kò ta jí lóru. Irọ́ àti bòńkẹ́lẹ́ ló máa ń jí ọmọdé lóru, torí wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tí àgbà ń fi pa mọ́.

Ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 13 lè gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ìbọn àwọn èèyàn Brown kọ́kọ́ pa ní òru ọjọ́ 16 ni Heyward Shepherd, aláwọ̀ dúdú tó ní òmìnira tirẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Má fò ó. Ọ̀dọ́ ọdún 13 yóò béèrè pé báwo ni ẹni tó wá tú ẹrú sílẹ̀ ṣe pa ẹni bẹ́ẹ̀, kí o sì jẹ́ kó béèrè, kó jókòó pẹ̀lú ìbéèrè náà. Robert E. Lee ló ṣáájú àwọn ọmọ ogun tó já ilẹ̀kùn ilé panápaná ní àárọ̀ ọjọ́ 18. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, wọ́n so Brown rọ̀ ní Charles Town. Bí ó bá jẹ́ Charles Town ni ẹ ó sùn, ọmọkùnrin yẹn yẹ kó mọ ibi tó sùn sí.

Fún àwọn méjì tó kéré, gba ìwé kékeré Junior Ranger lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Wọ́n á máa wá ìdáhùn kiri, bí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á fún wọn ní báàjì. Ó máa ń dín eré sísá kù.

Ẹsẹ̀-ò-gbélé fèsì:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Èmi wá sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ ọdún 13, torí mo rí i pé gbogbo ètò yín ń lọ sí ti Màmá àti ti àwọn kékeré. Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ mú un gun Maryland Heights.

Ẹ ó gba afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin sọdá odò Potomac, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn irin tó lọ́ yípo, ẹ ó rìn díẹ̀ lẹ́bàá ipa omi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní C&O Canal, lẹ́yìn náà ni òkè yóò bẹ̀rẹ̀. Àlọ àti àbọ̀ sí orí àpáta tó kọjú sí ìlú jẹ́ nǹkan bí máìlì mẹ́rin àbọ̀, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un. Mo gùn ún ní àárọ̀ tí ìrì ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí mo dé etí àpáta náà, gbogbo ohun tí mo ti ń kà nípa ìlú yẹn wá yé mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìlú wà nísàlẹ̀ bí ohun tí wọ́n gbé sínú àwo, òkè mẹ́ta sì yí i ká. Ẹni tó bá ti gbé ìbọn ńlá sórí àwọn òkè yẹn ti gba ìlú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Stonewall Jackson, ọ̀gágun àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, ṣe ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1862, tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ bí 12,700 sì gbé ọwọ́ sókè fún un. Kò sí ìwé tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà bí ojú ara rẹ̀.

Kò sí ìdènà kankan létí àpáta náà, nítorí náà ẹ má mú ọmọ ọdún 5 débẹ̀, ì báà ṣe pé ẹ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sínú odò láti fi omi ṣeré. Omi náà dà bí ẹni pé kò jìn, ṣùgbọ́n òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ìṣàn rẹ̀ sì lágbára ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Ohun kan tún wà. Appalachian Trail, ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó lé ní máìlì 2,190, tó gba ìpínlẹ̀ 14 láti Georgia títí dé Maine, gba àárín ìlú yẹn kọjá, ó sì gba orí afárá kan náà. Ẹ ní kí ọmọ náà máa wá àmì ọ̀dà funfun gbọọrọ, tí gígùn rẹ̀ tó íǹṣì 6 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 2, lára igi àti òpó. Bí ó bá ti rí ọ̀kan, ó ti wà lórí ọ̀nà náà nìyẹn. Ẹ lè pàdé ẹni tó ti ń rìn láti ìgbà òjò bọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ á ti kún, àpò rẹ̀ á ti ṣá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kí i.

Bàbá Ìbejì tún fèsì:

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n Ìyá Mẹ́ta, ẹ má pín ẹbí sí méjì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí kí gbogbo yín lè wà pa pọ̀ ni ẹ ṣe ń lọ. Kí bàbá àti ọmọ dìde ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n gun òkè kí Màmá tó jẹun tán, kí wọ́n sì wá bá yín ní Camp Hill. Àfikún kékeré kan: bí ẹ bá ń ronú láti fi ọkọ̀ sílé kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, ti MARC kì í rin ọ̀nà yẹn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ti Amtrak ń dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ lè gbé Màmá gun òkè.

Ìyá Mẹ́ta parí rẹ̀:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Olùkọ́, mo kúnlẹ̀ fún yín, mà. A ti gba yàrá sílẹ̀ ní Bolivar, àtẹ̀gùn méjì péré ni, obìnrin tó ni ilé náà dúró sẹ́nu ọ̀nà ó sì kà á fún mi lórí fóònù. Bàbá àwọn ọmọ àti àkọ́bí yóò gun òkè ní ìdájí ọjọ́ Àìkú. Mo ti tẹ ìwé àṣẹ ọmọ kíláàsì kẹrin, ó ti fi í sínú ìwé kíkà rẹ̀ kí ó má baà ká.

Lálẹ́ àná, mo sọ fún Màmá lórí fóònù pé a ó gbé wọn lọ sí ibi tí Zik ti kàwé. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní bàbá àwọn máa ń ka ìwé ìròyìn Zik, West African Pilot, sókè ketekete ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn aládùúgbò tí kò mọ̀wé, pé ẹsẹ̀ bàbá àwọn ni àwọn ti máa ń jókòó, tí àwọn á sì máa wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn bébà náà. Wọ́n bi mí bóyá òkè náà ga. Mo ní ọkọ̀ ni yóò gbé wọn dé orí rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ̀ gbé àwọn dé ìdajì, àwọn á fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.